Káàdì AI Tí Kernel Kò Dá Mọ̀: Ohun Tí Ó Gbà Kí Home Assistant OS Tó Lè Lò Ó

Ìbéèrè òǹkàwé: “Orí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 5 ni mo ti ń lo Home Assistant OS, ètò ìṣiṣẹ́ fún ilé aládàáṣe. Mo ra káàdì M.2 kan tí ó ń mú iṣẹ́ AI yá, kí kámẹ́rà mi lè dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹranko láìjẹ́ pé mo ń fi àwòrán ilé mi ránṣẹ́ síbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì náà hàn nínú àkójọ ohun èlò, ṣùgbọ́n Frigate, ètò tí ń wo àwòrán kámẹ́rà, ní òun kò rí i. Ìwé tí ó bá káàdì náà wá ní kí n fi apt, àṣẹ tí a fi ń gba ètò wọlé lórí Debian, gba dráífà rẹ̀ (ètò tí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lè lò ó), àṣẹ náà kò sì sí rárá lórí ẹ̀rọ mi. Ṣé mo lè fi dráífà náà sí i fúnra mi? Bí n kò bá lè ṣe é, kí ni ó gbà kí wọ́n tó lè fi í sínú ètò ìṣiṣẹ́ náà?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ kò lè fi dráífà náà sí i fúnra yín láti inú Home Assistant OS bí ó ṣe wà lọ́wọ́ yín yìí. Kì í ṣe pé ẹ ṣe àṣìṣe níbì kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ ètò náà ni kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Wọ́n lè fi dráífà náà kún un níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀hún ju kí a gbé fáìlì kan sí ipò rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí ó bá fi dráífà kún irú ètò ìṣiṣẹ́ yìí ti ṣèlérí pé òun yóò máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux tí ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀, bá yí padà. Ìlérí yìí ni ó ń mú kí àwọn tí ń tọ́jú ètò náà máa ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gba dráífà tuntun wọlé, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ lóye dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ilé tí dráífà náà fẹ́ wọ̀. Home Assistant OS kò rí bí Debian tàbí Raspberry Pi OS, níbi tí ènìyàn ti lè fi ohun tí ó bá wù ú kún ohun tí ó wà nílẹ̀. Buildroot ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ìyẹn ni pé wọ́n ń kó kernel, àwọn dráífà àti àwọn irinṣẹ́ díẹ̀ jọ láti inú kóòdù orísun wọn, wọ́n sì ń sọ gbogbo rẹ̀ di odidi kan tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ nǹkan sí. Ìpín méjì ni ó máa ń ní lórí dísìkì fún odidi yìí. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé, irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ RAUC yóò kọ ọ́ sí ìpín tí a kò lò lọ́wọ́, ẹ̀rọ yóò sì tan láti ibẹ̀. Bí ẹ̀dà tuntun náà bá kọ̀ láti tan, ìpín àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ láìyingin. Èyí ni ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa Linux lè máa lo ètò náà fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ohun mìíràn, títí kan Home Assistant fúnra rẹ̀ àti Frigate, inú container, àpótí tí ó ya ètò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ni wọ́n ń gbé.

Nítorí náà ni apt kò ṣe sí níbẹ̀, tí irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ dráífà láti inú kóòdù kò sì sí pẹ̀lú. Àwọn kan ti gbìyànjú láti kọ́ module náà, ìyẹn dráífà tí a ń fi kún kernel, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì gbé e wọlé. Ìdènà méjì ni wọ́n máa ń bá pàdé. Kernel máa ń yẹ àmì ẹ̀dà tí ó wà lára module wò, kì í sì í gba èyí tí wọ́n kọ́ fún kernel mìíràn. Bí ẹ bá sì rí ọgbọ́n dá tí ó fi wọlé lónìí, ẹ̀dà tuntun tí yóò dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbé kernel tirẹ̀ wá, iṣẹ́ yín yóò sì di asán láàárín òru, nígbà tí ẹ kò fura.

Ẹ sọ pé káàdì náà hàn nínú àkójọ ohun èlò. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ju ohun tí ó sọ lọ. Ó fi hàn pé iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé ọ̀nà PCIe, tí káàdì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ṣí, àti pé kernel ti ka nọ́ńbà tí ó fi ń jẹ́ orúkọ. Nǹkan mẹ́ta ni ó tún gbọ́dọ̀ pé kí ó tó lè ṣiṣẹ́: module nínú kernel, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, firmware, tí í ṣe ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú chip náà fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ káàdì kì í tọ́jú sára, tí module gbọ́dọ̀ fún un nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá tan, àti láíbúrárì tí Frigate tàbí ètò mìíràn ń pè nígbà tí ó bá fẹ́ kí káàdì wo àwòrán. Lára ètò ìṣiṣẹ́ ni méjì àkọ́kọ́ wà, inú container sì ni ẹ̀kẹta wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè: container kò lè fi module sínú kernel, kernel náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ láíbúrárì. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ń kọ́ wọn, ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde kò sì dọ́gba.

Kì í ṣe gbogbo ohun èlò AI ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le tó báyìí. Ẹ wo Coral ti Google, èyí tí ó ń ṣe trílíọ̀nù ìṣirò 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí a ń fi bọ ojú USB kò nílò module kankan nínú kernel, nítorí láíbúrárì rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ tààrà láti inú container. Gbogbo ohun tí ó fẹ́ ni pé kí a ṣí ojú USB náà sílẹ̀ fún container. Àrékérekè kan ṣoṣo tí ó ní ni pé ó ń pààrọ̀ orúkọ: bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí ẹ̀rọ, 1a6e:089a ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí láíbúrárì bá ti fún un ní firmware, yóò di 18d1:9302. Ẹni tí ó bá ṣí ọ̀nà fún orúkọ àkọ́kọ́ nìkan, pàápàá nínú kọ̀ǹpútà aláfarawé (virtual machine), yóò rí i pé ohun èlò náà pòórá ní kété tí iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rọrùn lọ́dọ̀ Intel náà, nítorí dráífà GPU (ẹ̀yà tí ń ṣe iṣẹ́ àwòrán) tí ó wà lára chip wọn ti wà nínú kernel tipẹ́, OpenVINO, láíbúrárì AI ti Intel, sì ń gba ojú /dev/dri wọlé sí i.

Coral kan náà yìí, bí ó bá jẹ́ ti M.2 tàbí Mini PCIe, ọ̀tọ̀ ni ìtàn tirẹ̀. Ìtàn náà gan-an ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí náà n ó dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Module méjì ni ó nílò, gasket àti apex, tí wọ́n bá sì wọlé dáadáa, /dev/apex_0 yóò hàn. Ní ọdún 2018, wọ́n gba dráífà yìí sínú Linux 4.19, ní ibi tí wọ́n ń pè ní staging, níbi tí kóòdù tí kò tíì dára tó ti ń dúró de àtúnṣe. Àtúnṣe náà kò dé. Ní ọdún 2021, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Láti ìgbà náà, ìta kernel ni dráífà náà ń gbé, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ fi í sínú ètò ìṣiṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò máa tún un ṣe.

Kí ni wọ́n ń tún ṣe? Kernel Linux kò ṣèlérí fún dráífà tí ó wà níta pé ohun tí òun ń fún un lónìí ni òun yóò máa fún un lọ́la. Ní Linux 6.4, wọ́n yọ ohun kan kúrò nínú ohun tí class_create ń gbà, ní 6.8, wọ́n yí eventfd_signal padà, ní 6.12, wọ́n pa no_llseek rẹ́ pátápátá. Àtúnṣe ìlà kan tàbí méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tí ó mọ èdè kọ̀ǹpútà C kò sì ní lò ju wákàtí kan lọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gasket kò ní ṣeé kọ́ mọ́. Bí ó bá sì wà nínú Home Assistant OS ní àkókò náà, àwọn tí ń tọ́jú ètò yóò dúró síwájú ọ̀nà méjì tí kò dára: kí wọ́n dá kernel tuntun dúró fún gbogbo ènìyàn nítorí káàdì kan, tàbí kí wọ́n yọ dráífà náà kúrò, kí kámẹ́rà àwọn tí ń lò ó sì kú ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n bá ń bi yín pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ẹ má rò pé wọ́n ń lé yín. Ìrírí ni ó ń mú wọn béèrè.

Ní ti bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Nínú fódà buildroot-external ni wọ́n ń kó ohun tí ó jẹ́ ti Home Assistant OS sí. Ẹ ó ṣẹ̀dá package tuntun kan níbẹ̀: fáìlì Config.in tí ó ń sọ ohun tí package náà jẹ́, fáìlì .mk tí ó ń sọ ibi tí kóòdù wà àti ẹ̀dà tí a fẹ́, àti fáìlì .hash tí yóò fi dá wa lójú pé ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ kóòdù náà lójú ọ̀nà. Buildroot ní ètò kan tí ń jẹ́ kernel-module, òun ni yóò kọ́ module náà fún kernel tí ó bá wà nínú ẹ̀dà náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tan package náà nínú fáìlì defconfig ti bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí ó yẹ, nítorí bọ́ọ̀dù tí kò ní ojú PCIe kò nílò rẹ̀. Firmware ní package tirẹ̀, inú /lib/firmware ni yóò sì máa gbé. Bí module bá ti kọ nọ́ńbà PCI tí ó ń ṣiṣẹ́ fún sára rẹ̀ bí ó ṣe yẹ, kernel yóò pè é fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá tan, ẹ kò sì ní nílò àṣẹ kankan.

Ní ibi firmware ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ àbá tí ó dára ti kú. Dráífà fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, tí kò ní wàhálà. Firmware kì í ṣe kóòdù tí a lè kà, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sì lè ti kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín in kiri. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá: àwọn tí ń ṣe Home Assistant OS kò lè fi í sínú ohun tí gbogbo ayé ń gbà sílẹ̀. Ẹ ka ìwé àṣẹ yẹn kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú ohun tí ó le jù lọ, tí ìwé ìtọ́sọ́nà kì í sábà sọ. Kí module àti láíbúrárì tó lè gbọ́ ara wọn, àwọn ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kí ẹ̀dà méjèèjì bára mu gẹ́lẹ́. Hailo ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù, òun náà sì ni ó wà lórí káàdì AI Kit tí Raspberry Pi gbé jáde ní ọdún 2024: chip Hailo-8L tí ń ṣe trílíọ̀nù ìṣirò 13 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí Hailo-8 tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń ṣe 26. Láíbúrárì rẹ̀, HailoRT, máa ń béèrè ẹ̀dà module lọ́wọ́ kernel kí ó tó ṣe ohunkóhun. Bí àwọn nọ́ńbà náà kò bá dọ́gba, yóò kọ HAILO_INVALID_DRIVER_VERSION, yóò sì dákẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, ìṣòro kékeré ni èyí. Lórí Home Assistant OS, ìṣòro ńlá ni, nítorí module kan ṣoṣo ni ó wà nínú kernel, nígbà tí add-on méjì, ìyẹn ètò àfikún bíi Frigate, lè fẹ́ lo káàdì náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé ẹ̀dà láíbúrárì tirẹ̀ wá. Bí Frigate bá tẹ̀ síwájú kí ètò ìṣiṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú, iṣẹ́ dúró. Bí ètò ìṣiṣẹ́ bá ṣáájú, iṣẹ́ dúró bákan náà.

Èrò tèmi ni pé ètò ìṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ di ẹ̀dà kan mú fún ìgbà pípẹ́, kí ó kéde rẹ̀ gbangba, kí àwọn tí ń ṣe add-on sì tẹ̀lé e; kì í ṣe kí ètò ìṣiṣẹ́ máa sáré lẹ́yìn add-on. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe chip náà ni ó sì yẹ kí ó gba ẹrù yìí kúrò lọ́rùn gbogbo wa, nípa gbígbé dráífà rẹ̀ lọ sínú kernel gan-an. Òfin kernel ni pé ohun tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ètò tí ń lò ó kò gbọdọ̀ bàjẹ́, nítorí náà láíbúrárì àtijọ́ àti tuntun yóò lè lo dráífà kan náà. Àyè irú dráífà bẹ́ẹ̀ ti wà: láti Linux 6.2, tí ó jáde ní ọdún 2023, ni wọ́n ti ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ń jẹ́ accel, ojú /dev/accel ni a sì ń gbà wọlé sí ohun tí ó wà níbẹ̀. Dráífà NPU (ẹ̀yà chip tí ń ṣe iṣẹ́ AI) ti Intel wọ ibẹ̀ ní 6.3, ti AMD ní 6.14, ti Rockchip ní 6.18. Inú mi máa ń dùn nígbàkúùgbà tí mo bá rí òmíràn tí ó wọlé, nítorí ohun tí ó kù fún ètò ilé aládàáṣe láti ṣe nígbà náà kò ju kí ó tan ìlà kan nínú config kernel, kí ó fi firmware tí ó bá nílò kún un, lọ.

Module àti firmware nìkan kọ́ sì ni ètò ìṣiṣẹ́. Supervisor, tí ń ṣàkóso àwọn container, gbọ́dọ̀ gbà kí Frigate fọwọ́ kan ohun èlò náà. Ẹni tí ó ṣe add-on ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ devices nínú config.yaml. Àwọn kan máa ń gba ọ̀nà àbùjá, wọ́n á ní kí ẹ pa Protection mode kí add-on lè fọwọ́ kan gbogbo ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan wò fún wákàtí kan, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ni ó mọ ìgbà tí ẹ jáde àti ìgbà tí ẹ wọlé, n kò sì ní gbà yín nímọ̀ràn láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí Raspberry Pi 5 ni ẹ wà, nítorí náà ohun méjì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀nà PCIe kan ṣoṣo ni ó ní níta, Gen 2 sì ni wọ́n fọwọ́ sí fún un; a lè fi dtparam=pciex1_gen=3 sínú config.txt kí ó yára sí i, ṣùgbọ́n bí káàdì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ohun kejì ni pé àwọn kernel kan fún bọ́ọ̀dù yìí ń pín mẹ́mọ́rì ní 16 KB dípò 4 KB, èyí tí àwọn dráífà kan kò retí. Ti Hailo nílò force_desc_page_size=4096 ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Irú àtúnṣe yìí, ẹ lè ṣe é fúnra yín láìfọwọ́ kan odidi tí a kò lè kọ nǹkan sí: ẹ sọ USB kan ní CONFIG, ẹ ṣẹ̀dá fódà modprobe sínú rẹ̀, ẹ fi fáìlì tí ó ní ìlà náà síbẹ̀, kí ẹ sì pa àṣẹ ha os import. Ẹ rántí pé ó lè yí ìwà module tí ó ti wà padà, ṣùgbọ́n kò lè bí module tí kò sí.

Títí dráífà yín yóò fi wọlé, ẹ kò ní láti máa wo káàdì náà níran. Frigate kò pọn dandan kó wà lórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú Home Assistant. Ẹ lè fi í sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí Debian wà lórí rẹ̀, níbi tí apt yóò ti ṣiṣẹ́, tí DKMS yóò sì máa tún module kọ́ nígbàkúùgbà tí kernel bá yí padà, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ MQTT, ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn. Ìrètí kan sì wà tí mo fẹ́ dín kù fún yín: káàdì yìí kò ní tú fídíò tí kámẹ́rà ti fún pọ̀ sílẹ̀ fún yín. Kí ó tó wo àwòrán, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ ti tú u sílẹ̀, Raspberry Pi 5 sì ní ohun èlò fún títú HEVC nìkan, kò ní ti H.264, tí í ṣe ọ̀nà mìíràn tí a fi ń fún fídíò pọ̀. Bí kámẹ́rà yín bá ń fi H.264 ránṣẹ́, CPU ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà, iye TOPS (trílíọ̀nù ìṣirò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) yòówù kí káàdì ní. Ẹ yí kámẹ́rà sí HEVC bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣetán láti kọ̀wé sí àwọn tí ń tọ́jú ètò náà, ẹ fi nọ́ńbà PCI káàdì náà, ibi tí kóòdù dráífà rẹ̀ wà, ìwé àṣẹ firmware rẹ̀, ẹ̀dà kernel tí ẹ ti dán an wò lórí rẹ̀, àti bọ́ọ̀dù tí ẹ lò ránṣẹ́. Bí ẹ bá lè rí ẹlòmíràn tí ó ní káàdì kan náà lórí kọ̀ǹpútà x86-64 (irú èyí tí ó ní chip Intel tàbí AMD), kí òun náà dán an wò, nítorí module tí ó ṣiṣẹ́ lórí aarch64, irú chip ti Raspberry Pi, lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì sọ ọ́ ní kedere bóyá ẹ̀yin fúnra yín yóò wà nílé láti dán an wò nígbà tí kernel tuntun bá dé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ní irú káàdì yín lọ́wọ́.